Láti Ìdí Ẹ̀wà Esere dé Inú Èèpo Ọpọlọ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́ńsáìmù Rẹ Fọ́nrán Ọpọlọ Láró

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn ọgbọ́n kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò láti rí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ó wà nínú ọpọlọ ènìyàn. Ọgbọ́n náà ni pé kí a jẹ́ kí ẹ́ńsáìmù tí ó wà lára àwọn fọ́nrán náà fúnra rẹ̀ mú àwọ̀ jáde, kí ojú lè rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí méjì ni a ní. Èkíní ni pé ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ kò jìnnà sí Port Harcourt níbi tí a ti ń kọ ọ́; Calabar ni, ní ìlà-oòrùn wa níbí. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi orúkọ ọmọ pè. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń béèrè ọkọ wọn tí ó ti kú tipẹ́. Dókítà kan ní ìlú yìí kọ oògùn kan tí ń jẹ́ rivastigmine fún wọn. Iṣẹ́ wa ni láti máa tọ orísun ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà mo tọ ti oògùn náà lẹ́yìn, mo sì bá a dé ìdí ẹ̀wà kan tí àwọn Efik ń pè ní esere. Mo fi tó ẹ̀gbọ́n mi létí lórí fóònù. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé, ‘Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń pa àjẹ́ ni o fẹ́ kí màmá máa jẹ?’ N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ‘iṣan’, ni Yorùbá ń lò fún ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, fún ohun tí ó ń fa eegun, àti fún ohun tí ó ń gbé ìmọ̀lára láti ọwọ́ dé orí. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa ọpọlọ kò lè fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. ‘Fọ́nrán ọpọlọ’ ni a ó máa lò fún èyí tí ó kẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ó bá ti wà nínú orí. Apá òde ọpọlọ, tí ó ká wúnjọ-wúnjọ, tí kò sì nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4 lọ, ni a ó pè ní èèpo ọpọlọ. A kò ṣàdédé mú orúkọ yìí. Ọ̀rọ̀ Látìn tí gbogbo àgbáyé ń lò fún un, cortex, èèpo igi ni ó túmọ̀ sí.

Esere ní Calabar

Ìtàkùn tí ó fẹ́ràn etí odò ni ó ń so esere. Èso rẹ̀ rí bí ẹ̀wà ńlá, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì ní ojú dúdú tí ó gùn gbọọrọ lẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko ni Physostigma venenosum. Ní Calabar àtijọ́, bí ọlọ́lá kan bá kú lójijì, tàbí tí àìsàn tí a kò mọ ìdí rẹ̀ bá wọ ilé, wọn a wá ẹni tí wọ́n fura sí pé ó ń ṣe àjẹ́, wọn a sì fún un ní esere jẹ, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ sínú omi fún un mu. Bí ó bá bì í, wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kú, wọ́n gbà pé òun ni. Nígbà mìíràn, àwọn méjì tí ó ń bá ara wọn ṣọ̀tá a máa pín ẹ̀wà kan sí méjì, kí oníkálukú sì jẹ ìdajì tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn Efik nítorí èyí. Àwọn baba tiwa náà ní epo ọ̀bọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń ṣe.

Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ nípa bí esere ṣe ń dá ẹjọ́ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ a máa gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ a sì dà á padà. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú a máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, májèlé a sì ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ náà lè bẹ̀rù, àgàgà bí ó bá jẹ́ ìyá arúgbó tí gbogbo agbo ilé dojú kọ. Kò sí ohun tí ó fi hàn pé esere mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbẹ̀rù olódodo àti ti òṣìkà.

Ní 1846, William Freeman Daniell, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti dé etíkun yìí, ṣàlàyé àṣà náà fún àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Òyìnbó. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn míṣọ́nnárì láti Scotland, tí Hope Waddell ṣáájú wọn, dé Calabar. Wọ́n bá àṣà náà jà. Ní 1878, àwọn ìjòyè Calabar àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ àdéhùn tí ó fòfin de esere. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà náà ti wọ ọkọ̀ lọ sí Scotland tipẹ́ kí òfin tó dé.

Bí ẹ̀wà ṣe di oògùn

Ní Edinburgh, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó mọ̀ nípa májèlé, fẹ́ mọ bí esere ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ní 1855 ó jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀wà kan. Nígbà tí ó rí i pé ara òun ti ń kú lọ, omi tí ó fi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ó gbé mu kí ó lè bì. Orí yọ ọ́. Ní 1861, John Hutton Balfour kọ àpèjúwe ìtàkùn náà, ó sì fún un ní orúkọ Látìn rẹ̀. Thomas Richard Fraser fi esere kọ iṣẹ́ oyè dókítà rẹ̀ ní 1862. Ọdún kejì, Douglas Argyll Robertson lò ó láti mú kí ẹyinjú sún kì, àwọn dókítà ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ní 1864, Jobst àti Hesse ní Jámánì yọ agbára inú ẹ̀wà náà sọ́tọ̀, wọ́n sì pè é ní physostigmine. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Vée àti Leven ní ilẹ̀ Faransé yọ ọ́ lọ́nà tí ó mọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Àwọn ní tiwọn mú orúkọ láti ẹnu àwọn tí ó ni ín: eserine. Kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè fiyè sí èyí. Orúkọ méjì ni ohun kan ṣoṣo yìí ń jẹ́ títí di òní, ọ̀kan láti inú Gíríìkì, ọ̀kan láti inú Efik. Àìmọye àwọn tí ó ń sọ ‘eserine’ lójoojúmọ́ ní yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Calabar ni àwọn ń sọ.

Nígbà tí ó di 1935, Percy Julian, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ ẹrú, ṣe physostigmine láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìgò, láìlo ẹ̀wà kankan. Josef Pikl ni ó bá a ṣe é, ní Yunifásítì DePauw. Robert Robinson ti Oxford, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ kẹ́míkà ayé ìgbà náà, ń lé ohun kan náà. Julian ni ó ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni esere ń ṣe nínú ara gan-an? Otto Loewi ni ó ṣí ìlẹ̀kùn náà ní ìlú Graz ní 1921, ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ni ó sì fi ṣí i. (Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí àmì ohùn o: ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò létí odò ni, kì í ṣe ọpọlọ orí.) Ó mú ọkàn méjì tí ó ṣì ń lù. Ó ta iṣan tí ń dẹ ọkàn kìíní lọ́wọ́ jí, ọkàn náà sì rọra ń lù. Ó wá bu omi tí ọkàn yẹn wà nínú rẹ̀ sórí ọkàn kejì, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. A jẹ́ pé iṣan a máa tú ohun kan jáde láti fi jíṣẹ́. Acetylcholine ni ohun náà. Henry Dale ní London ti sọ láti 1914 pé ó ní láti jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ara tí ń yára gé acetylcholine sí wẹ́wẹ́. Ní 1926, Loewi àti Navratil fi hàn pé bí eserine bá wà níbẹ̀, gígé náà kò ní lè ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ tí iṣan rán yóò sì pẹ́ nílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Loewi àti Dale jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936.

Èyí ni àṣírí ikú Calabar. Esere a máa di ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, acetylcholine a sì kún àkúnwọ́sílẹ̀: itọ́ a máa dà, ẹyinjú a sún kì, iṣan ara a máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà èémí a dúró. Ọ̀nà kan náà ni otapiapia tí wọ́n ń tà lójú pópó fún ẹ̀fọn àti aáyán ń gbà pa kòkòrò, nítorí dichlorvos tí ó wà nínú rẹ̀ ń di ẹ́ńsáìmù kan náà lọ́wọ́, òun kì í tilẹ̀ tú u sílẹ̀ bọ̀rọ̀ bí eserine ti ń ṣe. Acetylcholinesterase ni orúkọ ẹ́ńsáìmù yìí.

Aró tí fọ́nrán ń rẹ fún ara rẹ̀

Ọpọlọ tí a gé pẹlẹbẹ kò ní àwọ̀ tí ojú lè tọ̀. Láti 1873 tí Camillo Golgi ti fi fàdákà kun ún ni a ti ń rí bí ẹ̀ka inú rẹ̀ ti rí. Ọ̀nà Golgi dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ìrísí hàn ni, kò sọ ohun tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ń tú jáde láti fi jíṣẹ́. Bí ẹni tí ó rí àwọn ènìyàn lókèèrè lójà ni: ó rí wọn, kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ.

Ní 1949, George Koelle àti Jonas Friedenwald ní Amẹ́ríkà gbé ọgbọ́n mìíràn kalẹ̀. Wọ́n wá èjì acetylcholine kan, acetylthiocholine, tí ẹ́ńsáìmù kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára ojúlówó. Wọ́n rẹ abala ọpọlọ tín-ín-rín sínú omi tí èjì yìí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú èròjà bàbà. Bí ẹ́ńsáìmù bá ti gé e, thiocholine a jáde, bàbà a gbá a mú, méjèèjì a sì jọ sílẹ̀ síbi tí ẹ́ńsáìmù wà gan-an. Èròjà mìíràn ni wọn yóò wá fi sọ ọ́ di dúdú. Ní 1964, Karnovsky àti Roots tún un ṣe débi pé ìpele tí ó kẹ́yìn yìí kò pọn dandan mọ́: nínú omi kan ṣoṣo náà, àwọ̀ ilẹ̀ a yọ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe é a sì máa wò ó bí ó ti ń yọ.

Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn aláró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo kò ní ṣòro láti lóye èyí. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, kì í tíì dúdú. Ó máa ń dà bí àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Àwọ̀ náà kò sí nínú omi, ara aṣọ ni ó ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọpọlọ. A kò kun fọ́nrán ní ọ̀dà; fọ́nrán tí ó bá ní ẹ́ńsáìmù ni ó rẹ ara rẹ̀ láró, èyí tí kò ní in a sì wà láìní àwọ̀, bí ibi tí a fi ọ̀rá tàbí okùn dì lára àdìrẹ.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ a máa purọ́. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù ni ó mú un wá, tí kì í ṣe pé bàbà kàn jókòó síbi tí kò yẹ? Abala kejì ni wọ́n ń mú, láti ara ọpọlọ kan náà, wọn a sì kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú eserine. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù ni, abala yìí kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ rárá. Bí àwọ̀ bá yọ síbẹ̀, a ó da iṣẹ́ ọjọ́ náà nù. Mo ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì. Esere ṣì ń jẹ́rìí. Nínú yàrá àyẹ̀wò nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣeé gbára lé.

Ohun tí àwọ̀ fi hàn nínú èèpo ọpọlọ

Ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ọgbọ́n yìí dáadáa láti tọ ipa fọ́nrán. Iṣẹ́ tí Shute àti Lewis tẹ̀ jáde ní 1967 ni ó lókìkí jù nínú wọn. Nígbà tí ó kan ọpọlọ ènìyàn, Marek-Marsel Mesulam àti Changiz Geula ní Amẹ́ríkà ni a gbọ́dọ̀ dárúkọ. Ní 1988 wọ́n fi hàn bí àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ṣe tàn ká èèpo ọpọlọ. Orísun èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ìdì sẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ níwájú, tí a fi orúkọ Meynert pè. Kò sí apá èèpo ọpọlọ tí àwọn fọ́nrán náà kò dé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ bákan náà níbi gbogbo: wọ́n ki bí igbó ní agbègbè tí ó jẹ mọ́ ìrántí àti ìmí ẹ̀dùn, wọ́n sì fọ́nká ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn agbègbè mìíràn.

Ní 1991, àwọn méjèèjì kan náà tẹ ohun mìíràn tí ó yani lẹ́nu jáde. Nínú ìpele kẹta àti ìkarùn-ún èèpo ọpọlọ àgbàlagbà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ẹ́ńsáìmù yìí kún inú wọn. Nínú ọpọlọ ọmọ kékeré, a kò rí wọn. Bí ènìyàn ti ń dàgbà ni ẹ́ńsáìmù ń wọ inú wọn. Ó ṣe é bí ẹni pé kí Yorùbá pariwo pé àwọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé! Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: a kò mọ̀ pé ọgbọ́n ni ẹ́ńsáìmù náà dúró fún níbẹ̀. Ní tòótọ́, ìkìlọ̀ tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń ṣe ni pé ẹ́ńsáìmù yìí lè wà lára sẹ́ẹ̀lì tí kì í tú acetylcholine jáde rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ẹlẹ́rìí kejì, choline acetyltransferase, ẹ́ńsáìmù tí ń ṣe acetylcholine fúnra rẹ̀.

Àìsàn tí Alois Alzheimer ṣàpèjúwe ní 1906 ni ó sọ gbogbo èyí di ọ̀rọ̀ ayé òun ikú. Ní 1976, Davies àti Maloney ní Edinburgh, ìlú esere kan náà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kéde pé choline acetyltransferase dín kù gidigidi nínú èèpo ọpọlọ àwọn tí àìsàn yìí pa. Ní 1982, Whitehouse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì inú ìdì Meynert ni ó ń kú. Bí a bá wá rẹ abala irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ láró, igbó náà ti di pápá: fọ́nrán ti pòórá níbi púpọ̀, àgàgà ní apá ẹ̀gbẹ́ orí.

Ohun tí fọ́nrán tí ó kú yìí kọ́ àwọn oníṣègùn ni pé bí acetylcholine bá ti ṣọ̀wọ́n, kí a má ṣe jẹ́ kí a yára gé ìwọ̀nba tí ó kù. Oògùn tí ó lè di ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ ni wọ́n ń wá, esere sì ti wà nílẹ̀. Eserine fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ara, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀. Marta Weinstock ní Jerúsálẹ́mù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí ó ti rí, wọ́n sì ṣe ìbátan rẹ̀ kan tí ó rọ̀ jù ú lọ. Rivastigmine ni. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2000. Kì í jí fọ́nrán tí ó ti kú, kì í sì í dá àìsàn náà dúró. Ó ń ra àkókò díẹ̀ fún ẹlòmíràn ni.

Ìbàdàn àti ọ̀rọ̀ arán

Títí di ibi tí a dé yìí, ọpọlọ àwọn ará òkè òkun ni a ń sọ. Ti Yorùbá ńkọ́? Ní 1992, Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Hugh Hendrie àti àwọn tirẹ̀ ní Indianapolis, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láàárín àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Àwọn Yorùbá 2,494 ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2001 ni pé, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ́dún, 1.15 ni àìsàn Alzheimer ń mú ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn.

Iṣẹ́ èdè ni ìwádìí náà kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n ní láti ṣe ìbéèrè tí ẹni tí kò kàwé rí lè dáhùn ní Yorùbá, tí kò sì ní sọ àìmọ̀wé di àìsàn. Ọ̀rọ̀ tí a ní nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ‘arán’. Bí a bá ní àgbàlagbà kan ń ṣarán, ọjọ́ orí ni a ń dárúkọ, a kò dárúkọ àrùn. Ọ̀rọ̀ náà ní àánú nínú, nítorí kò fi arúgbó ṣe ẹ̀sín, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí arán bá sì wá le, tí ìyá àgbà ń rìn lóru, tí ó ń bá òkú sọ̀rọ̀, tí ó ń fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ ara rẹ̀, a máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù.

Ìwádìí ẹnu nìkan kò tó. Inú èèpo ọpọlọ ni ẹ̀rí tí ó kẹ́yìn wà. Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yẹ ọpọlọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò ní arán wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1994. Ọ̀ṣuntókun di olóògbé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 2019, Rufus Akínyẹmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ilé ìpamọ́ ọpọlọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Irú iṣẹ́ aró tí a ti ń ṣàpèjúwe yìí a máa fẹ́ kí ọpọlọ tètè dé lẹ́yìn ikú, kí ó wà nínú òtútù tí iná mànàmáná kò já, kí àwọn ọmọ olóògbé sì gbà kí a ṣí orí òbí wọn. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣòro jù. Òkú àgbà, a kì í fọwọ́ kan orí rẹ̀ bí kò ṣe láti wẹ̀ ẹ́ àti láti dì í ní gèlè tàbí fìlà. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ tèmi, n kò mọ ohun tí n óò wí.

Mo padà pe ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ti kọ ọ́ síhìn-ín. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Wọ́n ní kò burú, kí á fún màmá ní oògùn náà, ṣùgbọ́n kí n má ṣe sọ ibi tí ó ti wá fún àwọn ará ilé.